Aṣọ Ni Mo Bò, Mo Fi Awọ Ọmọ Sílẹ̀ fún Oòrùn

Oòrùn ti dúró sí àtàrí. Ojú ọ̀nà tó ti Gounghin lọ sí Tanghin, ní Wagadugu, gbóná débi pé àbúrò mi obìnrin ń fò bí ẹni ń jó, torí bàtà rẹ̀ kan ti já, ó sì fi í sọ́wọ́. Ìdìpọ̀ aṣọ wà lórí mi, òṣùká wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ta aṣọ funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ìdìpọ̀ náà látòkè délẹ̀, mo sì há etí rẹ̀ sábẹ́ okùn kí atẹ́gùn ọyẹ́ má baà gbé e lọ. Orí àbúrò mi ṣófo. Apá rẹ̀ méjèèjì wà níta.

"Ẹ̀gbọ́n, oòrùn yìí ń ta mí o."

"Yára ẹsẹ̀. A ó dé ibi igi láìpẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í ṣe. Mo fẹ́ sọ ọ́ ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọmọ rere ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ funfun yẹn, ọmọ ni wọ́n ní kí n fi bò. Ọjà ni mo fi bò.

Ìyá bàbá mi ló fún mi ní aṣọ náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó wà láyé pàápàá, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa ní Gounghin. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, àwọn obìnrin Mọ̀ọ́sí tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń pè é ní yaaba, tó túmọ̀ sí ohun kan náà ní èdè tiwọn. Òun àti bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Wagadugu. Aṣọ ni wọ́n gbé wá, aṣọ náà la sì ń tà títí di òní.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ ni omi bútà rẹ̀. Kí ladani tó parí ìpè, omi á ti máa dún lórí òkúta pẹlẹbẹ tó máa ń jókòó sí ṣe àlùwàlá. Kì í nu ojú rẹ̀ gbẹ. Pẹ̀lú omi lójú báyẹn, á ṣí ahá kékeré kan, á fi ìka bu òrí bíńtín, á rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí yóò fi yọ́. Òórùn rẹ̀ á gba àgbàlá, bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹ̀pà ní ilé kejì tí èéfín díẹ̀ sì bá a wá. Á fi pa ojú, á fi pa ọrùn, á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni yóò lọ kírun.

"Ojú nìkan lẹ̀yin mọ̀," á máa wí sókè kí ìyá mi lè gbọ́ nínú yàrá. "Ọrùn yín ni yóò tú yín fó."

"Ẹ jẹ́ ká sùn díẹ̀ sí i, Màámi," ìyá mi á dáhùn.

Tí ó bá kírun tán, ó kan àwa ọmọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi ń wẹ̀ wá, kì í gbóná, kódà nígbà ọyẹ́ tí eyín wa ń gbá ara wọn. Ọṣẹ dúdú ni, kì í fi ọṣẹ ìfọṣọ kàn wá lára, ó ní àwa kì í ṣe ṣòkòtò. Bí mo bá fẹ́ sá lọ gbẹ ara mi níbi iná, á fà mí padà ní etí.

"Síbo? Bí omi bá ti gbẹ lára, ó ti pẹ́ jù. Omi ni òrí ń dè mọ́ ara. Bí kò bá bá omi níbẹ̀, kí lo fẹ́ kó dè?"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé awọ obìnrin yìí yàtọ̀. Ó ti ní ọmọ-ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé, síbẹ̀ àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á kúnlẹ̀ kí ìyá mi ṣáájú rẹ̀, á rò pé ìyá mi ni àgbà ilé. Ìyá mi á fajú ro. Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ yóò fi bọ́.

"Ìyàwó mi, mo ní kí o yé fi ojú fẹ́ná. Èéfín ń gba ọmọge lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ń wò ó."

"Ẹni tí kò dáná ló lè sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Mo dáná tó èyí tó tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń jókòó sí."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Kò sí ohun tó ń ṣe tó ju ibi tó jókòó sí lọ. Ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ìlú Bobo, ó ní àtíbàbà kan tí wọ́n fi koríko àti òpó igi ṣe, àpótí tó ń jókòó lé lórí kì í sì í pẹ́ lójú kan. Bí òjìji bá sún, á sún. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, yóò ti yí ìsọ̀ náà ká bí ọwọ́ aago. Àwọn tó ń tajà lódìkejì á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Yaaba tún ti ṣí lọ! Yaaba, ṣé o jẹ oòrùn ní gbèsè ni?"

"Òun ló ń wá mi kiri, èmi ò rí tirẹ̀ rò," á fèsì ní Mòóré, èdè àwọn Mọ̀ọ́sí, wọ́n á sì pa àtẹ́wọ́.

Nígbà kan, ìyàwó òyìnbó kan, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kọmándà, wá ra aṣọ títa sójú fèrèsé. Fìlà rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà láìtọrọ àṣẹ, ó ń sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́, ó fẹ́ mọ ohun tó ń fi para. Ìyá Àgbà fi ahá òrí hàn án. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó yíjú sí mi.

"O rí i? Wọ́n mọ̀ pé oòrùn kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré, ni wọ́n ṣe dé àkẹtẹ̀. Ṣùgbọ́n orí nìkan ló bò. Wo apá rẹ̀, wo àyà rẹ̀, ó pupa bí ata."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́ mi ní ohun tí mo kọ́ ní ìlàjì. Ó fa aṣọ kan yọ tí ọkùnrin ìsọ̀ kejì gbàgbé sí oòrùn. Etí ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí ti ṣá, ó ti rí bí eérú. Ó tú u: inú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ bí ìgbà tó ti ilé-iṣẹ́ dé. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó yí i padà, ó fi inú apá mi, lápá òkè lọ́hùn-ún, hàn mí. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn apá náà hàn mí.

"Awọ kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni ìyá rẹ bí méjèèjì. Kí ló mú kí ìta gbó ju inú lọ?"

"Oòrùn ni, Ìyá Àgbà."

"Ọmọ mi ni ọ́. Bí o ti ń ṣọ́ aṣọ ni kí o máa ṣọ́ ara."

Mo gbọ́ ti aṣọ dáadáa.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní láti lọ, irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kì í sì í yá nígbà náà. Ìgbà yẹn ni ọgbà ẹ̀fọ́ àwọn ará Tanghin máa ń kún fọ́fọ́ létí omi ìdídò, odò tí wọ́n sé, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ á ti tà, tí wọ́n á fẹ́ ra aṣọ. Bàbá mi ní kí èmi àti àbúrò mi máa gbé aṣọ lọ bá wọn ní ọjọ́ ọjà. Àbúrò mi kéré, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí èmi lè tà láìsí òun. Ó ń sọ Mòóré bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin, ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn obìnrin ọgbà á sọ ọkọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti gbóhùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí Ìyá Àgbà fẹ́ wọ mọ́tò, ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé, ó sì fún mi ní aṣọ funfun náà.

"Ti àbúrò rẹ nìyí. Kí ẹ tó jáde, fi òrí pa á lára. Lójú ọ̀nà, kó fi eléyìí bo orí, kó fi bo apá. Bí oòrùn bá gun orí, ẹ jókòó sábẹ́ máńgòrò títí yóò fi yẹ̀. O gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, obìnrin kan dá aṣọ kan padà, ó ní etí rẹ̀ ti ṣá. Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ṣá, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tó tún di ọjọ́ ọjà, mo yọ aṣọ funfun lórí ọmọ, mo sì dà á bo ìdìpọ̀. Inú ìdìpọ̀ yẹn, aṣọ kún un. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé kí n tú ọ̀kan fún un. Nílé wa, a kì í wọ ọjà. Ọmọ aláṣọ ni mí tọkàntọkàn.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé, oòrùn kò yẹ̀. Ètè àbúrò mi là. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ le, ó funfun, ó sán bí ilẹ̀ tí omi ìdídò ti fà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú lábala lábala, imú rẹ̀ ń bó. Òrí tí mo ní láti fi pa á, mo ń gbàgbé, tí mo bá sì rántí, ara rẹ̀ á ti gbẹ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní mémé, ìyẹn ìyá arúgbó. Wọ́n á tẹ̀ kọ̀bọ̀kọ̀bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á di ìbàdí mú: "Bonjour, mémé! Ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́?"

Kò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu tó bá ń sọ̀rọ̀. Ní Tanghin, kò pe oníbàárà mọ́, á jókòó sẹ́yìn mi, á dojú kọ omi. Ọkùnrin kan sì wà tó ń kiri pẹ̀lú àpótí nígbà náà, ó ń ta ìpara kan tó ní láti Gold Coast ló ti ń bọ̀, pé yóò bó ojú dúdú dànù. Àbúrò mi fi ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ pààrọ̀ agolo kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i. Òórùn rẹ̀ ta mí nímú bí nǹkan tí wọ́n fi ń fọ irin. Mo ní, "Kí lò ń fi para yẹn?" Ó ní, "Ti èmi ni." Mo dákẹ́, torí bí mo bá sọ fún ìyá wa, wọn yóò béèrè ohun tó fà á.

Ìpara náà jó o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan bó, ó ń ṣomi. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, ó ní òun ò lọ mọ́ láéláé. Bàbá mi bínú, ìyá mi sunkún, èmi sì ń jẹun tèmi.

Òjò àkọ́kọ́ ló mú Ìyá Àgbà wálé. Erùpẹ̀ ṣì ń rùn ní ojú ọ̀nà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan àbúrò mi, ó fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi ìborùn tirẹ̀ wé e lórí.

Ní ọjọ́ kejì, ó rán ọmọ náà lọ sílé aládùúgbò, ó sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Aṣọ funfun dà?"

"Ó wà, Ìyá Àgbà."

"Mú un wá."

Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti etí kan dé ìkejì, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníbàárà ti lo aṣọ tó dá padà.

"Kò sí òrí lára rẹ̀. Aró ló wà lára rẹ̀, àti ojú okùn. Kí lo fi bò?"

"Ọjà ni."

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ń wo adìyẹ náà.

"Àwọn aṣọ ọ̀hún dà?"

"A ti tà wọ́n."

"Ta ló ń wọ̀ wọ́n báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá Àgbà."

"Èmi náà ò mọ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá wà, oòrùn á ti bá wọn níbẹ̀. Ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé a ó tà á, ká lọ mú òmíràn nínú àpótí?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Kò ní kí n má sunkún, kò sì nà mí.

"Mi ò ní sọ fún àbúrò rẹ," ó ní. "Bàbá rẹ pẹ̀lú kò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ fún ọmọ náà, nígbà tí o bá mọ bí a ṣe ń sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ju ìpara náà sínú ihò ìdọ̀tí, ó fi eérú bò ó. Omi tó sè tó sì tutù ló fi ń ṣan ojú ọmọ náà, kò fi ọṣẹ kàn án. Títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn fi san, kò fi nǹkan kan pa á, àyíká rẹ̀ ló ń fi òrí pa, pẹ̀lú ìka kékeré, nígbà tí omi ṣì wà lára. Ó ní kò gbọdọ̀ fi èékánná yọ èépá kankan. Ó ń fún un ní omi mu bí ẹni ń bomi rin ọgbà, ó ń fi ẹ̀fọ́ Tanghin há a lẹ́nu, ó sì ń lé e lọ sùn nígbà tí àwa tó kù ṣì ń ṣeré.

"Ìyá Àgbà, ìgbà wo ló máa tán?"

"Ìgbà tí o bá gbàgbé láti bi mí."

"Mo ti gbàgbé."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni, elérú."

Ní tèmi, ó gé igi gbọọrọ méjì, ó so aṣọ funfun náà mọ́ wọn lórí, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ọmọ yóò padà sí Tanghin, ó ní, torí kò sí ẹni tí yóò fi ara pamọ́ sínú ilé nítorí oòrùn tó wà fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa ta aṣọ náà lé e lórí lójú ọ̀nà, bàbá mi ni yóò sì wá ẹni tí yóò ru ìdìpọ̀.

Mo rìn ọ̀nà yẹn bí ẹni tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí a dé ìtòsí omi, àwọn ọmọkùnrin kan tó ń wẹ̀ rí wa. Ní ilẹ̀ Mọ̀ọ́sí, ọba, tí wọ́n ń pè ní naaba, ni wọ́n ń ta nǹkan lé lórí báyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Naaba! Naaba ń bọ̀! Ẹ wólẹ̀ o!"

Wọ́n da ara wọn délẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Aṣọ náà fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi kọ́kọ́ tẹ orí ba. Mo rò pé yóò sá padà sílé. Ó wá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀díẹ̀, ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí wọn bí ọba tòótọ́, ó sì fi Mòóré sọ fún wọn pé:

"Naaba ti gbọ́ ìkíni yín. Ẹ dìde. Ẹ lọ fọ imú yín."

Àwọn obìnrin ọgbà rẹ́rìn-ín dójú ẹkún. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa, ó ní, "Barka, naaba mi, kí lo gbé wá fún wa lónìí?" Àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, gbé e sókè díẹ̀, o ń dí mi lójú." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníbàárà. Ọjọ́ yẹn, àwọn ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lára bàbá wa. "Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, d'accord, ṣé ẹ gbọ́?"

Kí òjò tó kásẹ̀, awọ rẹ̀ ti padà. Ó ń dán, ó rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ ọmọdé padà. Àbàwọ́n kan ṣoṣo ló kù lókè ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ìpara ti jó o. Ìyá Àgbà kò parọ́ fún un. Ó ní èyí kò ní lọ, pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní oògùn rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti kú báyìí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe ní Gounghin, epo mọ́tò àti oòrùn ni mò ń bá yí láti àárọ̀. Mo ṣe àtíbàbà koríko síwájú ṣọ́ọ̀bù, bí òjìji rẹ̀ bá sún, mo máa ń sún mọ́tò tí mò ń tún ṣe tẹ̀ lé e. Mo dé fìlà tó fẹ̀. Tí mo bá ṣe àlùwàlá, mi ò nu ojú, òrí mi wà nínú páànù lórí fèrèsé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mò ń ṣe bí ìyàwó tuntun. Mo máa ń ní kí wọ́n ká apá ẹ̀wù wọn sókè, kí wọ́n wo inú apá, kí wọ́n wo ẹ̀yìn. Àwọn méjì ti ń bu nínú páànù mi. Ó dá mi lójú pé ohun tó kọ́ wa dára, àti pé kò ṣòro: kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí awọ ṣì dára, kí a má sì dúró.

Àbúrò mi ti lọ́kọ sí Bobo. Nígbà ọdún tó kọjá, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wa. Ó ti fi òrí pa á, ó fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lẹ́yìn. A jókòó sínú àgbàlá, a ń jẹun, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí gbogbo ayé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló kọ́kọ́ bò mí. Ó ta aṣọ lé mi lórí, kò ka ìtìjú sí."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. "Barka, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an."

Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún, gbogbo wa dìde láti rẹ̀ ẹ́, nígbà tí a sì jókòó padà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mi ò fà wọ́n padà. Wọ́n ti lọ sí Bobo. Ti àbúrò mi ni aṣọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀. Ọpẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe tèmi, èmi ni mo sì ní láti gbé e lọ bá a ní Bobo, kí n sọ ohun tí mo fi aṣọ rẹ̀ bò.